Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ́ ṣe mánẹ́jà iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì

Àbúrò mi kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe mánẹ́jà bọ́ọ̀sì tó ń ná Èkó sí Àbújá, ló bá pè mí pé kí lòun máa kọ́kọ́ ṣe, mo ní kó gbàgbé ọ́fíìsì ná. Inú yáàdì niṣẹ́ yẹn wà, láago márùn-ún ìdájí tí wọ́n ń di ẹrù.

Táyà ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò. Kì í ṣe pé kó o fẹsẹ̀ gbá a kó o ní ó le o. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló máa sọ ọjọ́ orí ẹ̀ fún ẹ: tó bá jẹ́ 2419, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é (nígbà míì apá inú ló máa ń wà, tọ́ọ̀ṣì fóònù lo máa fi wò ó). Táyà lè máa dán kó ti gbó o. Mẹkáníìkì á ní ó ṣì máa lọ ó máa bọ̀, má dá a lóhùn.

Orí èrò, ìwọ fúnra ẹ ni kó o kà á, kó bá mánífẹ́ẹ̀sì mu, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ orúkọ èrò àti ẹni tá a lè pè nílé wọn sí. Bọ́ọ̀sì wa kan bàjẹ́ rí lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, ìwé ní 14, èèyàn 16 ló sọ̀ kalẹ̀! Owó méjì yẹn ò dùn mí tó pé ká ní jàǹbá ni, a ò ní mọ ilé ẹni tá a máa pè.

Àwọn dẹ́rẹ́bà ẹ á tó bàbá tó bí ẹ, kí wọn dáadáa, àmọ́ wo ojú wọn. Tó bá pọ́n, tó jẹ́ alẹ́ àná ni wọ́n ti Àbújá dé, má fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ sùn, owó yín ò ní sọnù." Kó má sì sọnù lóòótọ́ o, torí ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní gbowó tóun bá sinmi, oorun ló máa fi wakọ̀.

Tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́nà ńkọ́? Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ pe èrò, má sọ pé ó kù díẹ̀, sọ aago tí bọ́ọ̀sì kejì máa dé, kó o fi wákàtí kan lé e. Kó o tún tètè fi owó gala àti omi ránṣẹ́ sí dẹ́rẹ́bà kí àwọn èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò.