Ǹjẹ́ Ó Ṣì Yẹ Kí Java Wà Lórí Kọ̀ǹpútà Yín?

Bí ẹ bá ra laptop àlòkù, tàbí tí ẹ ti ń lo kọ̀ǹpútà kan náà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ lè bá ètò kan tí ń jẹ́ Java lórí rẹ̀ láìmọ ẹni tí ó fi í síbẹ̀ tàbí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ìmọ̀ràn mi kò lọ́jú pọ̀: bí kò bá sí ètò kan pàtó tí ẹ ń lò tí ó ń béèrè fún un, ẹ yọ ọ́ kúrò. Java jẹ́ èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì tún jẹ́ orúkọ ètò tí a ń fi sórí ẹ̀rọ kí ohun tí a fi èdè náà kọ lè ṣiṣẹ́. Java kò tíì kú o. Iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe títí di òní, àmọ́ ibi tí ó ti ń ṣe é kì í ṣe ibi tí a ti ń retí pé kí ẹ̀yin fúnra yín fi í sí.

Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ni ó gbé Java jáde ní ọdún 1995, James Gosling sì ni aṣáájú àwọn tí ó ṣe é. Ohun tí ó gbé e níyì ni pé ètò tí a bá fi Java kọ lẹ́ẹ̀kan lè ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, bí a bá ṣáà ti fi Java sórí ẹ̀rọ náà. Nígbà náà, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dá ohun púpọ̀ ṣe, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní applet sínú rẹ̀, ìbáà ṣe fún eré tàbí fún iṣẹ́ báńkì. Applet ni ó sọ Java di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Òun náà ni ó sì sọ ọ́ di ewu, torí pé ọ̀daràn tí ó bá rí ihò, ìyẹn àléébù ààbò, nínú Java lè gba inú ojú ewé lásán wọ kọ̀ǹpútà ẹni. Ní ọdún 2012, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Flashback gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọ Mac tí ó lé ní 600,000. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò abẹ́lé gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa Java nínú browser wọn, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Browser Chrome kọ plugin rẹ̀, ìyẹn àfikún tí ń jẹ́ kí Java ṣiṣẹ́ nínú browser, sílẹ̀ ní ọdún 2015, Firefox ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Oracle tí ó ra Sun ní ọdún 2010 sì yọ plugin náà kúrò nínú Java 11, èyí tí ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018.

Nítorí náà, bí ojú ewé kan bá sọ fún yín pé Java yín ti gbó, pé kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan láti sọ ọ́ dọ̀tun kí ẹ tó lè wo fíìmù, ẹ má gbà á gbọ́. Chrome, Firefox tàbí Edge òde òní kì í fi Java ṣí ojú ewé, kí ni ojú ewé náà wá fẹ́ fi Java ṣe? Ẹ pa á dé lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn òbí àti àwọn ọmọ tí ẹ jọ ń lo kọ̀ǹpútà náà, nítorí ọ̀nà ìtànjẹ yìí ti pẹ́, ó sì ṣì ń mú ènìyàn. Ẹ má sì ṣe ka JavaScript, èdè mìíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ ti Java, mọ́ Java. JavaScript ti wà nínú browser fúnra rẹ̀, a kì í fi í sórí ẹ̀rọ lọ́tọ̀, bí ẹ bá sì lọ pa á, ọ̀pọ̀ ojú ewé tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ti fóònù kò le rárá. Ẹni tí ó lo fóònù kékeré láyé ọjọ́un, tí ó ń wá fáìlì .jar (fáìlì tí a di ètò Java sí) ti Opera Mini tàbí 2go kiri, Java ni ó ń lò. Ọ̀pọ̀ áàpù Android ni wọ́n ṣì ń fi Java tàbí èdè mìíràn tí ń jẹ́ Kotlin kọ títí di òní, ṣùgbọ́n Android ti ní ohun tí ó fi ń ka àwọn áàpù náà nínú ara rẹ̀, kò sì sí Java kankan tí ẹ ní láti wá fi síbẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá Java wà lórí kọ̀ǹpútà Windows yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ sì tẹ Enter. Nínú àpótí dúdú tí ó bá ṣí, ẹ kọ java -version, ẹ tún tẹ Enter. Bí ó bá dáhùn pé “'java' is not recognized as an internal or external command”, ó ṣeé ṣe kí Java má sí níbẹ̀. Bí ó bá sì kọ java version "1.8.0_202", ẹ fara balẹ̀ kà á: 1.8 dúró fún Java 8, 202 sì jẹ́ nọ́ńbà àtúnṣe rẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni àtúnṣe yẹn jáde, ìyẹn ni pé gbogbo ihò tí wọ́n ti dí láti ìgbà náà wá ṣì wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Lórí Mac, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ sì kọ /usr/libexec/java_home -V.

Ẹ má fi mọ síbẹ̀, nítorí ẹ̀dà kan ṣoṣo ni àṣẹ java -version ń fi hàn. Ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Apps, lẹ́yìn náà Installed apps, kí ẹ sì kọ Java sínú àyè ìṣàwárí. Ẹ lè rí méjì tàbí mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀ síra. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá gba àtúnṣe tuntun, Java kì í sábà yọ gbogbo ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, Federal Trade Commission, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan Oracle lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé ó jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbà pé ààbò ti wà fún wọn nígbà tí ẹ̀dà tí ó ní ihò ṣì wà lórí ẹ̀rọ wọn.

Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ro àwọn ètò tí ẹ ń lò. Eré Minecraft Java Edition kò nílò rẹ̀, nítorí launcher rẹ̀, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí eré náà, máa ń gbé Java tirẹ̀ wá. LibreOffice ń kọ lẹ́tà, ó sì ń ṣe ìṣirò láìsí Java. Base, apá LibreOffice tí a fi ń tọ́jú àkójọ dátà, ni ó sábà máa ń béèrè fún un. Ètò ọ́fíìsì àtijọ́ ni kí ẹ fojú sí jù, kí ẹ sì bi ẹni tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ Uninstall níwájú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tún un tàn. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́: ètò tí ó bá nílò Java yóò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ sì lè dá a padà. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀daràn a máa fi fáìlì .jar ránṣẹ́ nínú ímeèlì bí ẹni pé ìwé ìbéèrè owó ni, kọ̀ǹpútà tí kò sì ní Java kò lè ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wá nílò rẹ̀ ní tòótọ́, ẹ má gbà á lórí ojú ewé tí ẹ kò mọ̀. Èmi fara mọ́ ẹ̀dà Java tí ń jẹ́ Eclipse Temurin, tí ó wà lórí adoptium.net, nítorí ọ̀fẹ́ ni fún ilé àti fún ilé-iṣẹ́. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2019, àtúnṣe Java 8 láti ọ̀dọ̀ Oracle jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlò ara ẹni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi í ṣòwò ní láti sanwó, kí olùkọ́ tàbí oníṣòwò kékeré má ṣe gbójú fo èyí. Ẹ gba ẹ̀dà tí ètò yín dárúkọ. Bí kò bá dárúkọ kankan, Java 21 dára láti kọ́kọ́ dán wò. Àtúnṣe ààbò máa ń jáde ní oṣù Kìíní, oṣù Kẹrin, oṣù Keje àti oṣù Kẹwàá, nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí Java bá ṣì wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ máa gba ti tuntun láàárín oṣù wọ̀nyẹn, kí ẹ sì máa yọ ti àtijọ́ kúrò.