Bí Olùkọ́ Girama Ṣe Lè Mú Kí Gbogbo Kíláàsì Dáhùn

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba nílẹ̀ Yorùbá, bí olùkọ́ bá bèèrè ìbéèrè, àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jókòó níwájú ni yóò nawọ́. Ọ̀kan nínú wọn yóò dáhùn, olùkọ́ yóò ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ̀kọ́ yóò sì máa lọ bí ẹni pé gbogbo kíláàsì ló mọ ohun tí ẹnì kan sọ, nígbà tí àwọn yòókù ń da nóòtì kọ láti ojú pátákó. Ìgbà tí èsì WAEC bá jáde la tó máa ń rí i pé ohun tí a rò pé ó yé wọn kò yé wọn rárá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe lè to ogójì ìṣẹ́jú tó wà lọ́wọ́ wa tí ọmọ kankan kò fi ní jáde láì dáhùn ìbéèrè, tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yóò sì ti mọ ẹni tí ẹ̀kọ́ kò yé kí ó tó kúrò níwájú pátákó. Èyí ni mo kà sí ìkọ́ni òde òní, kò sì dìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní kọ̀ǹpútà tàbí iná mànàmáná kí ó tó ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ẹ tó kọ àkòrí sínú nóòtì ètò ẹ̀kọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí gbogbo ọmọ lè dáhùn nígbà tí aago bá lù. Ibi tó dára jù láti wá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdánwò WAEC àtẹ̀yìnwá, pàápàá ìròyìn tí àwọn olórí olùyẹ̀wò máa ń kọ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí àjọ náà ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀ ibi tí àwọn ọmọ tó jókòó ìdánwò ti ṣe dáadáa àti ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀. Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì tó bá kà á yóò rí i pé ẹjọ́ kan náà ló ń padà wá: wọ́n ń ṣi àwọn ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ, àwòrán wọn kò péye, wọn kì í sì í fara balẹ̀ ka ohun tí ìbéèrè ní kí wọ́n ṣe. Kò sí ìwé kan tí mo rò pé ó yẹ kí ó sún mọ́ olùkọ́ SS tó ìròyìn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi osmosis ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn bí omi ṣe ń gba inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láti ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà kò ti pọ̀ lọ sí ibi tó ti pọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ máa ń kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí, tí wọn kò sì ní lè fi ṣàlàyé ohunkóhun. Ìbéèrè ìparí wa ni pé: kí ló dé tí ègé iṣu tútù fi rọ̀ nínú omi iyọ̀?

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó kí àwọn ọmọ tó jókòó tán: ọ̀kan láti inú ẹ̀kọ́ àná, ọ̀kan láti inú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan láti inú sáà tó kọjá. Kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn láti inú orí wọn, kí oníkálùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ mákì tirẹ̀ nígbà tí ẹ bá sọ ìdáhùn. Ẹ má ṣe gba máàkì náà sílẹ̀, nítorí pé ìgbà tí ẹ bá gbà á sílẹ̀ ni jíjí ìwé wò yóò bẹ̀rẹ̀. Ìdí iṣẹ́ kékeré yìí ti pẹ́: láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus ní Jámánì ti fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí, tó sì fi hàn pé kíákíá ni ohun tí a kọ́ máa ń sá kúrò lórí bí a kò bá padà sí i. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé ní àkàtúnkà wé àwọn tó ń gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà láì wo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń fi orí rántí ló borí. Ọmọ tó ń ka nóòtì lóru mọ́jú ìdánwò ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, torí pé ojú rẹ̀ ti mọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ojú tó mọ ìwé kò ní kí ọwọ́ lè kọ ìdáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni kí iṣu jáde. Ẹ gé iṣu tútù sí ègé tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ó má ṣe nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ fi ọ̀kan sínú ife omi lásán, kí ẹ fi ìkejì sínú ife omi tí ẹ ti po ṣíbí iyọ̀ kíkún méjì tàbí mẹ́ta mọ́. Nítorí pé ogójì ìṣẹ́jú lè kéré, ẹ ti fi ègé méjì mìíràn sílẹ̀ kí ìpéjọ òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó ti ṣetán wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi èyíkéyìí hàn wọ́n, ẹ ní kí gbogbo wọn kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣu méjèèjì, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe fo ibí yìí, nítorí pé ọmọ tó ti kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ yóò fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbà á. Nígbà tí wọ́n bá wá fọwọ́ kan iṣu náà, tí ti inú omi iyọ̀ ń tẹ̀ bí okùn, tí ti inú omi lásán sì le gbagidi tó ń dá pọ́kán bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ariwo yóò sọ nínú kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo díẹ̀.

Nígbà náà ni kí ẹ kọ ìbéèrè náà sójú pátákó pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin: àkọ́kọ́, iyọ̀ wọ inú iṣu, ó sì jẹ ẹ́ rọ̀; ìkejì, omi jáde láti inú iṣu bọ́ sínú omi iyọ̀; ìkẹta, omi iyọ̀ wọ inú iṣu; ìkẹrin, iṣu ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Kí oníkálùkù fi ìka ọwọ́ rẹ̀ mú ọ̀kan, ìka kan fún àkọ́kọ́, méjì fún ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì gbé e sí àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹ bá pe "ó yá", kí ẹni tó jókòó tì í má baà rí i wò. Bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ tó àádọ́rin, láàárín ìṣẹ́jú kan ojú yín yóò ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ni yóò gbé ìka kan sókè, torí ohun tí wọ́n mọ̀ nílé ni pé iyọ̀ máa ń wọ inú oúnjẹ.

Ẹ má ṣe sọ ìdáhùn fún wọn síbẹ̀. Eric Mazur tó ń kọ́ Fíṣíìsì ní yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní 1991: bí àwọn tó mú ìdáhùn tó tọ̀nà bá wà láàárín ìdá ọgbọ̀n àti ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kí akẹ́kọ̀ọ́ yíjú sí ẹni tí ìdáhùn wọn kò bára mu, kí wọ́n fi ẹnu tàkùrọ̀sọ lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún dìbò. Bí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Bí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ṣàlàyé díẹ̀, kí ẹ sì kọjá. Ọmọ tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé máa ń mọ ibi tó ti ń rú ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ju àwa tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ṣe àríyànjiyàn yìí bí ó bá wù wọ́n. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣì wà tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè abínibí rẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ọmọ tí a bá dí lẹ́nu báyìí kò ní sọ èrò rẹ̀ jáde kí a tó mọ ibi tí ó ti ṣì í. Láti 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ti girama yàtọ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC yóò fi bi wọ́n; nítorí náà, lẹ́yìn àríyànjiyàn, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti kọ ìdáhùn wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ní gbólóhùn méjì tó pé, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ẹ ti kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.

Nígbàkúùgbà tí ẹ bá bèèrè ìbéèrè lẹ́nu, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó pe orúkọ. Mary Budd Rowe ló ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ó rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ sì gùn sí i, ó sì dára sí i, nígbà tí wọ́n dúró. Orúkọ ni kí ó kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti pe orúkọ ẹnì kan kí ẹ tó bèèrè, ẹ ti dá àwọn yòókù sílẹ̀ láti sinmi.

Iṣẹ́ ilé tí ẹ máa fún wọn ṣáájú ẹ̀kọ́ náà tún wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ti gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan kalẹ̀ tó ń so sáyẹ́ǹsì mọ́ àṣà, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àyíká akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ọmọ yóò ti kọ́kọ́ lọ bèèrè nílé bóyá ohun kan wà nínú ìṣe wa tó jọ àkòrí tí a fẹ́ kọ́. Fún osmosis, ẹnì kan yóò mú ọ̀rọ̀ ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí kí wọ́n tó sá a wá, ẹlòmíràn yóò sọ pé màmá àgbà ní kí òun má ṣe da iyọ̀ sí ìgbín tó wà láàyè. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wọn, kí ẹ sì padà sí i nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé ibi tí omi ń gbà jáde.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìbéèrè tí ẹ kọ ní àkọ́kọ́. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdámẹ́rin ojú ìwé kan, kí ó kọ orúkọ àti ìdáhùn rẹ̀, kí ó sì fi lé yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kò nílò bírò pupa fún un. Ẹ kà á, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó yé, èyí tó ku díẹ̀, èyí tí kò yé. Àṣìṣe tó bá pọ̀ jù nínú ọ̀nà kẹta ni yóò di ìbéèrè àkọ́kọ́ lójú pátákó lọ́jọ́ kejì. Ní ti àwọn iṣẹ́ tó gùn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́ni síbẹ̀ kí ẹ tó ronú máàkì. Ìwádìí tí Ruth Butler ṣe ní Ísírẹ́lì ní 1988 fi hàn pé àwọn tó gba ọ̀rọ̀ ìtọ́ni nìkan tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n bí a bá kọ máàkì pọ̀ mọ́ ọn, máàkì nìkan ni ọmọ máa ń wò.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ń so èso, ẹ ṣe ìdánwò kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, kí ẹ pa á mọ́, kí ẹ sì tún ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ má ṣe ka àwọn A1 nìkan, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń gbà á lè rí i gbà bí ẹ kò tilẹ̀ yọjú. Àwọn tó wà ní D7 àti E8 ni kí ẹ kọ orúkọ wọn sí ìwé kan lọ́tọ̀: C6 ni kírẹ́díìtì bẹ̀rẹ̀, márùn-ún rẹ̀ ni yunifásítì sì ń béèrè, nítorí náà ìgbésẹ̀ kan láti D7 sí C6 lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọ kan. Ẹ yẹ ìwé yẹn wò lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sì rí i pé, nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ti gbọ́ ohùn gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.