Ewé Tó Yòrò Ló Da Ètò Fídíò Mi Rú

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fowó ra ewéko kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gba ohùn sílẹ̀ fún fídíò kan ṣoṣo, inú mi ò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Fídíò mẹ́fà ni mo fẹ́ fi kọ́ ẹni tí kò ní akuéríọ̀mù (àpótí gíláàsì tí à ń sin ẹja sí) rí bí a ṣe ń gbin ewéko sínú omi, láti ìgbà tí gíláàsì ṣófo títí di ọjọ́ tí ẹja máa wọlé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo kọ sínú ètò mi. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo lò.

Mi ò ní fi fídíò mẹ́ta àkọ́kọ́ gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti wo ibi tí wọ́n ti ń to òkúta àti igi sínú gíláàsì lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo ti bu omi sí i nìkan ni mo fẹ́ mẹ́nu bà, torí ó dùn mọ́ mi. Mo gbé àwo pẹlẹbẹ lé orí erùpẹ̀, mo ń rọra da omi sórí àwo náà. Erùpẹ̀ tí mo tẹ́ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 níwájú àti 8 lẹ́yìn kò yẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yà á, ó sì jáde bí mo ṣe fẹ́.

Fídíò kẹrin ló fi ojú mi rí nǹkan. Anubias àti Java fern ni mo ti ń lò tipẹ́, àwọn tí à ń fi okùn so mọ́ igi, torí bí a bá bo ìtàkùn wọn, ìyẹn igi nínípọn tí ewé àti gbòǹgbò ti ń yọ, mọ́ erùpẹ̀, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Àwọn yẹn kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Torí kí fídíò lè lẹ́wà ni mo ṣe ra Cryptocoryne, ewéko omi tí à ń gbin gbòǹgbò rẹ̀ sínú erùpẹ̀. Mo tún lọ gba ohùn sílẹ̀ ṣáájú kí n tó ya àwòrán kankan: "Ẹ wo bí ewé wa ṣe dúró dáadáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan."

Ní ọjọ́ kẹfà, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara bíi rọ́bà. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ó ti di bíi pépà tí omi rẹ. Mo fi ẹ̀mú gígùn kan ọ̀kan báyìí, ó já, ó sì ń léfòó lọ. Mo pe ẹni tó tà á fún mi. "Ọ̀gá, omi yín ni kò dáa," ló wí. Mo pààrọ̀ ìdajì omi. Kò sí ìyàtọ̀. Mo bá fa gbogbo wọn tu, mo dà wọ́n nù, mo ra òmíràn. Fífà tí mo fà wọ́n tú erùpẹ̀ ká, àmóníà, májèlé tó ń pa ẹja, tó wà nínú erùpẹ̀ náà jáde sínú omi, omi funfun bí ẹni da wàrà sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fa ẹyọ kan péré láti wò ó. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó le koko, ewé tuntun tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sì ti yọrí láàárín rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀. Ààyè ni mo kó dànù!

Ohun tí ẹni tó tà á ìbá ti sọ fún mi ní gbólóhùn kan ni pé orí ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti gbìn wọ́n, afẹ́fẹ́ ni ewé wọn sì mọ̀. Tí wọ́n bá bọ́ sínú omi, ewé àtijọ́ á yòrò, gbòǹgbò á sì hu èyí tó bá omi mu. Bí a bá tiẹ̀ gbé Cryptocoryne láti inú omi kan sí òmíràn, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ewé tó bá ti jẹrà nìkan ni kí ẹ máa gé.

Mo fa ètò àtijọ́ ya. Nínú tuntun, iye ọjọ́ tí omi ti lò nínú gíláàsì ni mo kọ sí apá òsì, ohun tí mo máa yà sí apá ọ̀tún, mo sì fi gbígba ohùn sí ìkẹyìn pátápátá. Mo lẹ téèpù mọ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà máa ń wà, kí àwòrán ojoojúmọ́ lè bára mu. Iná LED tí mo dín kù ń mú kí ìlà dúdú máa rìn nínú fídíò, nítorí náà mo ń tàn án dé òpin tí mo bá fẹ́ yà, mo sì ń dá a padà. Wákàtí mẹ́fà péré ni mo ń jẹ́ kó tàn lóòjọ́, kí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ má baà bo gíláàsì. Aṣọ dúdú tí mo dá ihò sí fún ojú kámẹ́rà kò jẹ́ kí òjìji mi hàn lára gíláàsì.

Mi ò jẹ́ kí ẹja wọlé títí àmóníà àti náítíráìtì, májèlé míì tí àmóníà máa ń dà, fi di òdo. Ìyẹn pẹ́, ó sì rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ̀mí ẹja dí àkókò tí mo ti pàdánù.

Àwòrán ọjọ́ kọkànlélógún ni mo fi ṣí fídíò kẹrin: àwọn kùkùté tí mo gé, àti ewé pupa rẹ́súrẹ́sú kan láàárín wọn, tó gùn tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù.