Bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ìmọ̀ nípa oòrùn, pílánẹ́ẹ̀tì àti ìràwọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní Ọ̀mù-Àrán ló nífẹ̀ẹ́ sí ohun tó wà lójú ọ̀run, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, wọ́n á gbà pé ẹ̀kọ́ náà ti kọjá agbára àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbé oòrùn wọ yàrá ìwádìí, kò sì sẹ́ni tó lè dúró de ìràwọ̀ kan títí tí yóò fi darúgbó; ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn fi ń kọ́ àfarawé ojú ọ̀run sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á sì máa wo ohun tí òfin ìṣẹ̀dá yóò ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù, tó sì rántí ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama, lè ṣe irú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ kọ tiyín fúnra yín, kí ẹ má kàn máa wo èyí tí ẹlòmíràn ti ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni irinṣẹ́. Ẹ gba Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò sì ní nílò dátà láti lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á tán. Ètò ìyàwòrán tó ń jẹ́ turtle ń bá a wá. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe kì í jẹ bátìrì púpọ̀, nítorí náà ẹ lè máa bá a lọ bí wọ́n bá tilẹ̀ mú iná lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì ni òṣùwọ̀n. Láti ayé dé oòrùn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 149.6 kìlómítà, irú nọ́ńbà ńlá bẹ́ẹ̀ sì máa ń mú kí àṣìṣe pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe jíjìnnà yẹn ní 1, ká sì pe ọdún kan ní 1. Níwọ̀n ìgbà tí ayé ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, eré rẹ̀ yóò jẹ́ 6.283, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi kìlómítà 29.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà tó dúró fún agbára òòfà oòrùn nínú òṣùwọ̀n yìí ni 39.478.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni òfin tí Newton tẹ̀ jáde lọ́dún 1687: bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, òòfà yóò dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin, bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, yóò di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Nínú ohun tí a fẹ́ kọ, x àti y ni ibi tí ayé wà, vx àti vy ni eré rẹ̀ sí ọ̀nà méjèèjì, r ni jíjìnnà rẹ̀ sí oòrùn, ax àti ay ni bí òòfà ṣe ń yí eré náà padà, dt sì ni ìdá ọdún tó ń kọjá ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi x = 1, y = 0, vx = 0, vy = 6.283 àti dt = 0.01 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ní kí kọ̀ǹpútà tún àwọn ìlà wọ̀nyí ṣe ní ìgbà 1,000, èyí tó dúró fún ọdún mẹ́wàá:

r = (x*x + y*y)**0.5
ax = -39.478*x/r**3
ay = -39.478*y/r**3
x = x + vx*dt
y = y + vy*dt
vx = vx + ax*dt
vy = vy + ay*dt
turtle.goto(x*100, y*100)

Ẹ kọ import turtle sókè pátápátá, kí ẹ kọ for i in range(1000): sókè ìlà r, kí ẹ sì ti ìlà mẹ́jọ yẹn wọlé díẹ̀. Ìlà gbọọrọ tí ẹ ó kọ́kọ́ rí láti àárín kò ṣe nǹkan kan. Àárín yẹn ni oòrùn wà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ti dùn jù lọ nìyí. Ayé kò ní padà síbi tó ti gbéra. Yóò máa jìnnà sí oòrùn sí i ní yípo kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ayé tí a wà nínú rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin Newton kò ní àléébù kankan níbí. Ọ̀nà tí a gbà ṣírò ló fà á. Kọ̀ǹpútà ń rìn bí ẹni tó gbé fìtílà lóru: ọ̀gangan ibi tó dúró sí nìkan ló ń rí, ó sì ń gbẹ́sẹ̀ lọ tààrà kí òòfà tó yí eré rẹ̀ padà, ẹsẹ̀ tààrà lórí ọ̀nà tó yí po sì máa ń bọ́ síta díẹ̀. Bí ẹ bá dín dt kù, àṣìṣe náà yóò falẹ̀, àmọ́ kò ní tán. Ẹ wá gbé ìlà vx àti vy lọ sókè ìlà x àti y, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ọ̀nà ayé yóò pa dé, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún pàápàá, torí pé òòfà ti ń darí eré kí ayé tó gbẹ́sẹ̀. Ẹ ṣe méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ẹ kò gbọdọ̀ gba àfarawé kankan gbọ́ láìdán an wò. Fún Mars, ẹ fi x sí 1.524, kí ẹ sì fi vy sí 5.09, ó yẹ kó yí po tán ní nǹkan bí ọdún 1.88, ìyẹn ọjọ́ 687. Òfin tí Kepler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, gbé jáde lọ́dún 1619 yóò jẹ́rìí sí i: ẹ fi 1.524 lọ́po ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ fi 1.88 lọ́po ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìdáhùn méjèèjì yóò sì sún mọ́ 3.54. Lẹ́yìn náà, ẹ dá x padà sí 1, kí ẹ sì fi vy sí 8: ayé yóò lọ jìnnà, yóò sì padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá fi sí 9, ó ti lọ nìyẹn, kò ní padà mọ́. Ààlà wọn wà ní nǹkan bíi 8.89.

Ojú ọ̀run gan-an náà wà fún àyẹ̀wò. Ẹ gba Stellarium, ètò tó ń fi ojú ọ̀run hàn, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi Ìlọrin ṣe ibi tí ẹ wà, kí ẹ sì wo ibi tó ní kí ẹ ti wá àgùàlà ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ìdájí. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí ìràwọ̀ hàn dáadáa. Lẹ́yìn òjò tó fọ ojú ọ̀run mọ́ ni kí ẹ jáde. Ní ìlú tí wíwo oṣù ààwẹ̀ ti jẹ gbogbo ènìyàn lógún, ó dára kí àwọn ọ̀dọ́ mọ bí a ṣe ń ṣírò ibi tí oṣù wà ní àṣálẹ́.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí ohun tó ń fa ara wọn ju méjì lọ. Ẹ fi Júpítà sí 5.2, kí òòfà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 1,047 ti oòrùn. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ di ńlá bí oòrùn, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe ọ̀nà ayé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pọ̀ kíákíá: ìràwọ̀ 1,000 ní méjì-méjì 499,500 tí a ní láti ṣírò nígbà kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1941, kí kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀, Erik Holmberg ní Sweden fi gílóòbù iná 74 rọ́pò ìràwọ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ ń dín kù pẹ̀lú jíjìnnà gẹ́gẹ́ bí òòfà ṣe ń dín kù. Ó wọn ìmọ́lẹ̀ dípò kó ṣírò òòfà. Nígbà tó fi di ọdún 2005, àfarawé tí wọ́n ń pè ní Millennium, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ti lo ohun tó ju bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ.

Bí ìràwọ̀ méjì bá súnmọ́ra jù nínú tiyín, r yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, òòfà yóò sì pọ̀ débi pé yóò ju méjèèjì sọ nù. Ẹ fi nọ́ńbà kékeré kún r láti dènà rẹ̀. Nígbà tí èyí bá ti yé yín dáadáa, ẹ gba REBOUND, ètò tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe irú àfarawé yìí, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì ń bá Python ṣiṣẹ́. Irú ìṣirò tí ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ ló wà nínú rẹ̀, ó kàn yára jù ú lọ, ó sì péye jù ú lọ ni.