Ìrírí mi: bọ́tìnnì kan péré ló fẹ́ ba ìdìbò bọ́jẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa jẹ́

Inú ló bí mi tí mo fi dá ìdìbò yìí sílẹ̀, kí ará àdúgbò fúnra wọn mú ohun tí wọ́n fẹ́ kí káńsù fi owó ṣe. Káńsù wa n'Íbàdàn níbí lọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, títí dòní ẹnì kan ò gbà á, bẹ́ẹ̀ àgbàrá ń ya wọlé wa lọ́dọọdún torí gọ́tà tó ti dí. Mo lọ bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé gọ́tà la fẹ́. Ṣé wọ́n bi wá ni? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà mí pé owó á dé, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á tún fi kọ́.

Mo bá ṣe fọ́ọ̀mù orí Google, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan: gọ́tà, omi, títì, iná ojú títì. Ìyẹn ò le, mo jù ú sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù.

Kẹ́nì kan má baà dìbò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo tan ibi tí wọ́n kọ "Limit to 1 response" sí. Háà! Mi ò mọ̀ pé téèyàn bá ti tàn án, Google á ní kí ẹni tó fẹ́ kún fọ́ọ̀mù kọ́kọ́ fi Gmail wọlé. Àwọn màmá àdúgbò wa ńkọ́, ọmọ ló bá wọn ṣí Gmail lọ́jọ́ tí wọ́n ra fóònù, ọmọ ọ̀hún ti wà ní Kánádà, password sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni fóònù mi ò sinmi, "Bọ̀dá, wọ́n ní kóòdù ti lọ sórí nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yẹn ti sọnù o." Màmá alákàrà wa jókòó tì í títí dátà wọn fi tán, ó dùn mí, mo ra òmíràn fún wọn.

Mo pa bọ́tìnnì yẹn, lóru ọjọ́ yẹn gan-an ẹnì kan kún un ní ọgọ́ta ìgbà, títì, títì, títì, nọ́ńbà ilé kan náà! Mo gbìyànjú poll orí WhatsApp, gbogbo ayé ló ń rí ohun tí kálukú mú, ni àwọn ayálégbé bá dákẹ́ torí lánlọ́ọ̀dù wà níbẹ̀.

Rẹ́jísítà ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ló yọ wá. Mo fún ojúlé kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tiẹ̀ lórí bébà péńpé, àwọn ọ̀dọ́ pín in láti ilé dé ilé, ẹni tí ò ní fóònù, wọ́n bá a kún un lójú ẹ̀. Kóòdù tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ti àkọ́kọ́ la kà. Nínú ojúlé 214, 171 dáhùn, gọ́tà kó 98! Orí mi wú. Ní Porto Alegre ní Bràsíl, lọ́dún 1989 ni ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pín owó ìlú, ìpàdé àdúgbò ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, ká ní mo ti rántí ìyẹn ni, ẹsẹ̀ ni mi ò bá kọ́kọ́ lò kí n tó fọwọ́ kan líǹkì.

Owó tó jáde lápò mi lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Ẹ gbé èsì tiyín lọ sí káńsù ṣáájú December o, kí wọ́n tó parí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo gbé ìwé èsì ìdìbò wa débẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ní bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń rí, mo fi òfin Freedom of Information ti 2011 hàn án, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, èyí tó ní kí wọ́n dá èèyàn lóhùn láàárín ọjọ́ méje, ló bá gba ìwé wa. Mo ní kó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi kí n tó kúrò níwájú ẹ̀, a ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tá a ti ń ṣèpàdé.