Bí a ṣe ń fi Excel ṣírò ìdàgbà àwọn kòkòrò tó ń pèsè gáàsì mẹ́tíéènì

Tẹ́ ẹ bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa màálù n'Íbàdàn kọjá rí, ẹ mọ̀ pé ìgbẹ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Tí a bá pò ó mọ́ omi nínú táńkì tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, gáàsì ìdáná ló ń mú wá. Èyí tó ṣòro ni kéèyàn mọ bó ṣe máa pọ̀ tó, àti ọjọ́ tó máa dé. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó sórí táńkì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ ṣírò. Oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí ló wà nínú táńkì. Àwọn kan á sọ ìgbẹ́ di ásíìdì. Àwọn tó gbẹ̀yìn á jẹ ásíìdì náà, pàápàá ásítéètì tó ń jẹ́ kí fínígà kan, wọ́n á sì tú mẹ́tíéènì sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí la máa ṣírò. Ìlànà ADM1 tó jáde lọ́dún 2002 ń ṣírò gbogbo wọn pọ̀, àmọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú ìdọ́gba Monod, tó ń sọ bí kòkòrò ṣe ń yára dàgbà tó. Jacques Monod, ará Faransé, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1949. Ẹ wo ẹni tó ń jẹ àmàlà: bó ti wù kí abọ́ kún tó, ó níye òkèlè tí ọwọ́ lè bù ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà tí àmàlà bá ń tán lọ ni ọwọ́ á máa falẹ̀.

Ìyára = 0.3 × oúnjẹ ÷ (0.2 + oúnjẹ)

0.3 ni ìyára tó ga jù lójúmọ́, 0.2 ni ìwọ̀n oúnjẹ tí ìyára fi ń já sí ìdajì. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni o. Lára àwọn kòkòrò tó ń jẹ ásítéètì yìí, èyí tó ń jẹ́ Methanosarcina ń yára nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀. Methanothrix ló mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣí Excel. A ni ọjọ́, B kòkòrò, C oúnjẹ, D mẹ́tíéènì, E ìyára. Gíráàmù COD (ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tí nǹkan máa gbà kó tó jó tán pátápátá) nínú lítà kan la fi ń wọn kòkòrò àti oúnjẹ. Ẹ má da ìwọ̀n míì mọ́ ọn. Láti A2 dé D2, ẹ kọ 0, 0.1, 4 àti 0. Ẹ kọ 1 sí H1. Ìyẹn ni pé ìlà kan jẹ́ ọjọ́ kan.

E2: =0.3*C2/(0.2+C2)
A3: =A2+$H$1
B3: =B2+E2*B2*$H$1
C3: =C2-E2*B2*$H$1/0.05
D3: =D2+(C2-C3)*0.95*0.35

Nínú gíráàmù oúnjẹ kan, 0.05 ló ń di ara kòkòrò, 0.95 ló ń di gáàsì. Gíráàmù COD kan sì ń mú 0.35 lítà mẹ́tíéènì wá. Ẹ fa E2 dé E3, kẹ́ ẹ wá fa ìlà kẹta wálẹ̀.

Ẹ dúró wo C dáadáa. Oúnjẹ á máa dínkù: 3.43, 2.70, 1.78, 0.64. Lọ́jọ́ karùn-ún ó di −0.59! Kò sí kòkòrò tó lè jẹ ohun tí kò sí. Ìdọ́gba ò ṣẹ̀, ìlà wa ló gùn jù: a fún wọn ní ọjọ́ kan gbáko kí a tó bojú wo abọ́. Ẹ yí H1 sí =1/24, kẹ́ ẹ fa ìlà dé nǹkan bí 150. Oúnjẹ á rọra sún mọ́ òdo, D á sì dúró sí bíi 1.33 lítà fún lítà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú táńkì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé ìṣirò ò bá táńkì mu, ibí yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọn gáàsì gidi. Ẹ jẹ́ kó gba inú omi kọ́sítíìkì sódà kọjá kó lè fi kábọ̀n dáyọ́sáìdì sílẹ̀ (ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ó ń jó ara). 0.35 yẹn, ní 0°C ni; n'Íbàdàn tí ooru tó 30°C, gáàsì á fẹ̀ sí i, 1.33 á di nǹkan bí 1.48. Tí gáàsì yín bá ń pẹ́ ju ti ìṣirò lọ, ẹ dín 0.3 kù díẹ̀díẹ̀ títí ìṣirò àti gáàsì gidi á fi bára mu. Tí àpapọ̀ rẹ̀ ló kéré, ẹ yẹ 4 yẹn wò, tàbí kẹ́ ẹ wá ibi tí táńkì ti ń jò.

Fún táńkì tí ẹ ń bọ́ lójoojúmọ́, ẹ yọ ohun tó ń ṣàn jáde kúrò lára B ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí omi bá ń lo ọjọ́ 20 nínú rẹ̀, 0.05 ló ń jáde lójúmọ́. Kòkòrò á rí àyè bí sí i. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 3 péré, 0.33 ló ń jáde, ìyẹn sì ju 0.3 lọ: gbogbo wọn á bá omi lọ.