Bí a ṣe ń tú síkúrù tí orí rẹ̀ ti jẹ àti ẹ̀yà tó há nínú ẹ́ńjìnnì kékeré oníríímóòtù

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń gbé bàálù tàbí mọ́tò oníríímóòtù kì í mu pẹtiróòlù. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, nitromethane àti òróró ló ń mu, kásítọ̀ tí wọ́n ń fún lára èso lárà sì sábà máa ń wà nínú òróró yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà nílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, kásítọ̀ inú rẹ̀ á gan bí oje igi, èèyàn á sì rò pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Kò nọ́ọ̀kì o, ó lẹ̀ ni. Ẹni tó bá fipá yí propeller (abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀) ló máa bà á jẹ́, torí kọ́nrọ́dù tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kiránkì, ló máa tẹ̀.

Ooru ló ń ṣáájú ipá. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin tí méjèèjì bá gbóná bákan náà. Ihò á fẹ̀ ju síkúrù inú rẹ̀ lọ, kásítọ̀ tó gan á sì rọ̀. Ẹ da gbogbo epo tó kù nínú rẹ̀ nù kí ẹ tó mú ohun gbígbóná súnmọ́ ọn: iná mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán.

Ẹ yọ kábúrétọ̀, torí rọ́bà wà lára rẹ̀, ike sì wà lára òmíràn. Tó bá há, ẹ tú síkúrù tó dì í mú, kí ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀ bí ẹ ṣe ń fà á. Ẹ má fi irin wọ̀ ọ́ láti abẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kán òróró díẹ̀ sínú ihò púlọ́ọ̀gì àti ibi tí èéfín ń gbà jáde, kí ẹ wá fi díráyà irun mú ara ẹ́ńjìnnì gbóná títí ọwọ́ ò fi ní lè dúró lára rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí propeller díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì. Tó bá ń yí dáadáa, àmọ́ tó ń fún níbi tí písítìn ti dé òkè pátápátá, ẹ fi sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn. Inú sílíìfù wọn, ìyẹn páìpù tí písítìn ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀, máa ń fún díẹ̀ lókè.

Ó kan síkúrù báyìí. Ohun tó ń jẹ orí síkúrù jù ni irinṣẹ́ tí kò bá a mu, kì í ṣe pé síkúrù le jù. L-key 2 mm ni M2.5 (síkúrù tó nípọn tó 2.5 mm) ń lò, M3 (oní 3 mm) ń lo 2.5 mm. L-key 3/32 íǹṣì á wọ inú ihò 2.5 mm, àmọ́ 2.38 mm ni, ààyè tó kù yẹn sì tó láti jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ẹ́ńjìnnì Japan àtijọ́ tí orí síkúrù wọn jẹ́ àgbélébùú tún ní tiwọn: JIS, ìyẹn àgbélébùú ti ìlànà Japan, ni, kì í ṣe Phillips tó wọ́pọ̀. Phillips máa ń fò jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ họ ìdọ̀tí inú orí síkúrù kúrò. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, 60 wáàtì, lé e lórí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ kán ATF (òróró jíà mọ́tò aládàáṣe) àti acetone tí ẹ pò ní dọ́gbadọ́gba sí i nígbà tó bá ti tutù, torí acetone máa ń gbiná, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ gbo ó dáadáa kó tó kán o, wọn kì í pẹ́ pínyà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi díráyà mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi òòlù kékeré lu L-key wọlé, kí ẹ sì tú u.

Tí kò bá gbọ́, ẹ lu Torx, irinṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, wọ inú ihò tó ti jẹ: T9 fún 2 mm, T10 tó bá ti jẹ gan-an, T15 fún 2.5 mm. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ gbẹ́ orí rẹ̀ dànù. Bíìtì dírílì 3 mm ni ti M3, 2.5 mm ni ti M2.5. Bíìtì tó ń yí sọ́wọ́ òsì ló dára jù, torí nígbà míì òun fúnra rẹ̀ á tú síkúrù náà. Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ́ra. Tí orí bá ti já, ìdèrí á yọ, ìyókù á wà níta. Ẹ fi púláyà mú un. Ó sábà máa ń rọrùn, torí orí ló ń fún un.

Èyí tó dá mọ́ inú ihò pátápátá ló ń le. Bíìtì kékeré lè yà sínú alumíníọ̀mù tó rọ̀ jù ú lọ. Ẹ lọ ra álọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń dà sómi láti mú un mọ́. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀yà irin mìíràn kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ pò álọ́ọ̀mù náà sínú omi gbígbóná nínú àwo gíláàsì títí kò fi ní yọ́ mọ́, kí ẹ ri ara ẹ́ńjìnnì sínú omi náà, kó sì máa móoru. Hóhò kékeré á máa jáde lára síkúrù: irin ló ń jẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ alumíníọ̀mù. Ó lè gba ọjọ́ kan sí mélòó kan. Sódà líle tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ni kí ẹ sá fún, alumíníọ̀mù gan-an nìyẹn máa jẹ.

Sílíìfù tó há: ẹ yọ orí ẹ́ńjìnnì, ẹ mú ara rẹ̀ gbóná, ẹ ti ike táì tí wọ́n fi ń so wáyà gba ibi tí èéfín ń gbà jáde wọlé sórí písítìn, kí ẹ rọra yí kiránkì. Písítìn á fi ike náà ti sílíìfù sókè. Béárìnì: ẹ ti tú gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbé e sínú ààrò 150°C fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi ibọ̀wọ́ mú un, kí ẹ lù ú mọ́ pátákó. Ti ẹ̀yìn á jábọ́ fúnra rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi ti ti iwájú láti inú.

Tí ẹ bá ń dì í padà, síkúrù tuntun ni kí ẹ lò. Ẹ di ẹsẹ̀ gígùn L-key mú láti kọ́kọ́ yí wọn wọlé, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀ fún wọn, igun sí igun tó kọjú síra. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà àkọ́kọ́ tó sì ti tutù, ẹ tún gbogbo síkúrù náà yẹ̀ wò.